Orin Tí A Kò Gé: Irú Áàpù Wo Ló Yẹ Ẹ́ Lórí Kọ̀ǹpútà?

Ọ̀pọ̀ ilé ló ṣì ní àpótí CD kan ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Jùjú tí wọ́n jó sí níbi ìgbéyàwó wà níbẹ̀, fújì ọdún Iléyá wà níbẹ̀, orin ẹ̀mí tí ìyá fi ń gbálẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń kọ wọ́n ti dẹnu kọlẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká òde òní kò sì ní ibi tí a ń ki CD bọ̀ mọ́. Àwo náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí kì í kú: iyanrìn ń ha á lára, oòrùn ń bà á jẹ́. Bó pẹ́ bó yá, ọmọ kan nínú ilé yóò ní kí òun kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìpinnu méjì ló wà níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀: irú fáìlì wo ni yóò fi orin náà pa mọ́ sí, àti áàpù wo ni yóò máa fi gbọ́ ọ.

Lórí ìpinnu àkọ́kọ́, àríyànjiyàn kì í tán láàárín àwọn olólùfẹ́ orin. Ní ti ìkejì, ọ̀pọ̀ a kàn mú èyí tó bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Bẹ́ẹ̀, áàpù ni ọwọ́ tí yóò máa gbé orin náà fún etí yín lójoojúmọ́. Bí ọwọ́ tí ń gbé àwo bá ń gbọ̀n, ọbẹ̀ yòówù kó wà nínú rẹ̀ yóò dà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń gbé. Nọ́ńbà ni orin orí CD. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ẹ̀rọ wọn ohùn ní ìgbà 44,100 fún etí ọ̀tún, ó wọ̀n ọ́n ní ìgbà 44,100 fún etí òsì, ó sì fi bíìtì 16 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, orin ìṣẹ́jú kan ń gba ju mẹ́gábáìtì 10 lọ, ti wákàtí kan sì ń gba ju 600 lọ. Nígbà tí háàdì dírafù ṣì kéré, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wọ́ bí ìgbín, ta ni yóò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Fraunhofer ní Jámánì, pẹ̀lú àwọn mìíràn, fi gbé MP3 kalẹ̀. Ọdún 1995 ni fáìlì náà gba orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí yìí. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé etí kì í gbọ́ gbogbo ohun tó bá dún. Bí ìyá ìlù bá ké, ohùn tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a rì. MP3 a gé ohun tó bá rò pé a kò ní gbọ́ dànù. Bí wọ́n bá ṣe é ní ìwọ̀n 128 kbps tó wọ́pọ̀ láyé ìjọ́sí, ohun tó ṣẹ́ kù kò ju ìdá kan nínú mọ́kànlá lọ.

FLAC kì í gé. Josh Coalson ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ tó dúró ṣinṣin sì jáde ní ọdún 2001. Bí a ṣe ń ká agbádá sínú àpótí ni FLAC ṣe ń ká orin: àyè tó ń gbà dín kù, ṣùgbọ́n bí a bá tú u tí a lọ̀ ọ́, kò sí okùn kan tó já nínú iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀. Aránṣọ tó gé inú apá agbádá kúrò nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò wo ibẹ̀ ni MP3. Lọ́pọ̀ ìgbà, FLAC máa ń gba ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta àyè tí CD gbà. Apple náà ní irú tirẹ̀, ALAC, tí wọ́n mú jáde ní 2004 tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2011. Orin aláìdínkù ni a óò máa pe irú àwọn fáìlì wọ̀nyí.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé bí a bá fi 320 kbps ṣe MP3, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára CD. Ìdí tí mo fi gbè sẹ́yìn orin aláìdínkù ni ìpamọ́. Láti ara FLAC, ẹ lè ṣe MP3 fún fóònù lónìí, kí ẹ sì ṣe irú fáìlì mìíràn lọ́la fún ẹ̀rọ tí wọn kò tíì dá sílẹ̀. Láti ara MP3, kò sí ọ̀nà àbọ̀. Ohun tó gé ti lọ, bí ẹ bá sì tún yí i padà sí irú mìíràn tí ń gé, yóò tún gé sí i. Ní ti àyè, CD 500, bí a bá fi mẹ́gábáìtì 350 díwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ju gígábáìtì 175 lọ. Háàdì dírafù tẹ́rábáìtì 1 yóò gbà á, àyè yóò sì ṣẹ́ kù. Kìlọ̀kìlọ̀ kan rèé ṣá: àwo ẹ̀bá títì tí wọ́n kó orin 100 sí lójú kan, MP3 ló wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá yí i sí FLAC, ńṣe ni ẹ kàn fẹ́ atẹ́gùn sí bàlúù.

Ṣé áàpù kan ń dùn ju èkejì lọ?

Àwọn tí ń polówó áàpù olówó gọbọi fẹ́ràn láti sọ pé ohùn tiwọn gbòòrò, pé ó jinlẹ̀, pé ó tutù létí. Kí ẹ tó yọ owó, ẹ rántí ohun tí FLAC jẹ́. Nígbà tí áàpù bá tú u, nọ́ńbà tó jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà tó wọlé, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ yẹ̀. Inú fáìlì FLAC fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kọ àmì ìdánimọ̀ kan sí, MD5 ni wọ́n ń pè é, òun ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí a tú bá ohun tí a ká mu. Áàpù ọ̀fẹ́ tó tú u dáadáa àti áàpù olówó tó tú u dáadáa, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n ń gbé fún kọ̀ǹpútà.

Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi máa ń dùn ju èkejì lọ létí wa? Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn rẹ̀ ló fi díẹ̀ lọ sókè. Etí ènìyàn máa ń ka ohùn tó ga díẹ̀ sí ohùn tó dára jù, bí ìyàtọ̀ náà tilẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi mọ̀ pé gíga ló ga. Nígbà mìíràn, áàpù náà ti fi béèsì kún un láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tàbí kí ètò ìtúnṣe ohùn kan wà ní títàn nínú Windows. Ẹ pa gbogbo wọn kí ẹ tó ṣe ìdájọ́.

Ibì kan wà tí nọ́ńbà náà ti lè yí padà lóòótọ́. Windows máa ń da gbogbo ohùn inú kọ̀ǹpútà pọ̀, orin yín, ìró ìmélì, fídíò tó ṣí sílẹ̀, yóò sì sọ gbogbo wọn di ìwọ̀n kan ṣoṣo. Bí ìwọ̀n tí wọ́n fi sí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ 48,000, orin CD tó jẹ́ 44,100 gbọ́dọ̀ di títúnṣe kó tó jáde. Láti ìgbà Windows Vista ni ọ̀nà àbáyọ ti wà, WASAPI ni orúkọ rẹ̀. Bí áàpù bá lò ó ní ipò àdálò, yóò gba ọ̀nà fún ara rẹ̀ nìkan, nọ́ńbà inú orin á sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ohùn láìsí àdàlù. Owó ibodè rẹ̀ ni pé gbogbo ohùn yòókù á dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tí orin bá ń lọ. Ní tèmi, ìpalára àdàlù Windows kò tó ohun tí a ń fi ariwo pa ara wa sí, etí púpọ̀ kò sì ní mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, áàpù tó dára yẹ kó fún yín ní àyè láti yàn.

Ẹni tí iyàn bá ń jà lọ́kàn rẹ̀ ní ọ̀nà láti yanjú rẹ̀. Àfikún ọ̀fẹ́ kan wà fún áàpù foobar2000 tí wọ́n ń pè ní ABX Comparator. Ẹ ó fún un ní fáìlì méjì, ẹ jẹ́ ká ní FLAC kan àti MP3 tí ẹ ṣe láti ara rẹ̀. Yóò pè wọ́n ní A àti B, yóò wá fi ọ̀kan nínú wọn sábẹ́ ìbòjú, yóò pè é ní X. Iṣẹ́ yín ni láti sọ ẹni tí X jẹ́. Ẹ ṣe é ní ìgbà 16. Bí ẹ bá gbà á ní ìgbà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bíi 4 péré nínú 100 ni àǹfààní pé oríire lásán ni. Bí ẹ bá gba 8, bí ẹní ju kọ́ìnì sókè ni. Mo ti rí àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bára wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n jókòó ti ìdánwò náà, tí ilé sì pa rọ́rọ́.

Ìlù tí kò gbọdọ̀ dákẹ́

Ibi tí áàpù ti ń fi ara rẹ̀ hàn jù lọ kò sí nínú gbogbo ìpolówó wọ̀nyẹn. Ní àwọn ọdún 1970, ó wọ́pọ̀ kí àwọn ọ̀gá jùjú bíi King Sunny Adé àti Ebenezer Obey fi orin tí kò dúró kún gbogbo ojú kan àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Orin kan á wọnú èkejì, gìtá á yí ohùn padà, gángan á máa sọ̀rọ̀ lọ, kò sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ijó ti lè sọ pé ó parí. Bí ẹni tó sọ irú àwo bẹ́ẹ̀ di CD bá wá pín in sí ọ̀nà mẹ́rin kí ó baà lè rọrùn láti wá, ojú ààlà mẹ́ta ló ti là sáàárín ìlù kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ CD a máa kọjá lórí ààlà náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dé ìparí fáìlì kan, wọ́n á mí, wọ́n á tó ṣí èkejì. Ìmí náà lè má ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ, ṣùgbọ́n ó ti tó láti ṣẹ́ ijó lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo, níbi tí àtẹ́wọ́ àwọn ènìyàn ti so orin pọ̀ mọ́ orin.

Nítorí náà, ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo máa ń fún áàpù nìyí: ẹ wá orin méjì tó wọnú ara wọn, ẹ jẹ́ kí àkọ́kọ́ parí fúnra rẹ̀, kí ẹ sì di ojú. Bí ẹ bá gbọ́ ìkọsẹ̀, ẹ wá òmíràn. VLC, tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale ní Paris ní ọdún 1996, lè ṣí fáìlì tí gbogbo áàpù yòókù kọ̀, mi ò sì lè ṣe kí n má ní in lórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka 3 rẹ̀ máa ń kọsẹ̀ lójú ààlà. Fídíò ni mo fi í sílẹ̀ fún.

Ọ̀rọ̀ gíga ohùn tún sún mọ́ èyí. Àwọn àwo àtijọ́ kì í pariwo bí orin òde òní. Bí orin Fela bá tẹ̀lé orin tó jáde lọ́dún tó kọjá, ẹ ó na ọwọ́ mú bọ́tìnnì. Bó bá sì yí padà, ẹ ó fò sókè. Ètò tí wọ́n ń pè ní ReplayGain ń wọn gíga orin kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ nọ́ńbà kan sí ẹ̀gbẹ́ fáìlì kí áàpù lè mọ iye tí yóò fi kún un tàbí tí yóò yọ. Kò fọwọ́ kan orin náà fúnra rẹ̀. Ẹ yan áàpù tó mọ̀ ọ́n.

Orúkọ tó ru àmì

Yorùbá tó bá ń kó orin pa mọ́ ní ìṣòro kan tí àwọn òǹkọ̀wé èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í rántí. Àmì orúkọ tí MP3 ìgbà àkọ́kọ́ ń lò kò gbà ju lẹ́tà 30 lọ. Ẹ kọ “Ebenezer Obey and his Inter-Reformers Band” sínú rẹ̀, “Inter-Re” ni yóò ti dúró. Àmì orúkọ inú FLAC kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀, gbogbo lẹ́tà èdè ayé ló sì gbà, nítorí náà kò sí ìdí kankan mọ́ láti kọ Ayinla Omowura nígbà tí ẹ lè kọ Àyìnlá Ọmọwúrà.

Wàhálà wà nínú wíwá a. Nínú Unicode, tí í ṣe ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ tó ru àmì lókè tó tún ní àmì nísàlẹ̀ kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan. Ńṣe ni a ń tò ó pọ̀. A lè mú ọ kí a fi àmì òkè lé e, a lè mú ó kí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, a sì lè mú o lásán kí a fún un ní méjèèjì. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lójú áàpù tí kò gbọ́n, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ óò sì máa wá Ọlọ́run títí, kò ní jáde, nígbà tó wà níwájú yín gan-an. Ìdánwò kejì nìyí: ẹ kọ orúkọ orin mẹ́ta pẹ̀lú àmì, ẹ wá wọn pẹ̀lú àmì, ẹ tún wá wọn láìsí àmì. Áàpù tó bá rí wọn lọ́nà méjèèjì ti mọ ilé. Èyí tí kò bá rí wọn kì í ṣe ẹni ìsọnù, bí ẹ bá ṣáà ti ń fi bọ́tìnnì kan náà kọ gbogbo orúkọ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú bóyá inú fáìlì ni áàpù náà ń kọ orúkọ sí tàbí inú ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ nìkan. Èyí tó fi sínú ìwé tirẹ̀ yóò bá a lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Èwo ni mo wá yàn? Lórí Windows, foobar2000. Peter Pawłowski, tó ti bá àwọn oní-Winamp ṣiṣẹ́ rí, ló mú un jáde ní òpin ọdún 2002, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ṣì ń bójú tó o. Kò rẹwà. Bí ìwé oníṣirò ọjà ló rí nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i. Ṣùgbọ́n kì í kọsẹ̀ lójú ààlà, ó ní ReplayGain, ó ní ipò àdálò, ó ń ka CD sínú kọ̀ǹpútà, kò sì ní mú kọ̀ǹpútà arúgbó mí hẹlẹ. Ẹni tí ojú rẹ̀ fẹ́ àwòrán ẹ̀yìn àwo àti àwọ̀ tó wuyì, kó lọ bá MusicBee, òun náà ọ̀fẹ́, òun náà kì í kọsẹ̀. Áàpù orin tó bá Windows wá ti lè kọ FLAC láti Windows 10 ní 2015, fún ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ kó sì sùn. Lórí Mac, áàpù Music ti Apple kì í gba FLAC wọlé rárá. Ẹ lè yí FLAC sí ALAC láìpàdánù ohunkóhun, tàbí kí ẹ lo foobar2000 ti Mac. Àwọn ará Linux ní Strawberry, ọmọ Clementine, ọmọ-ọmọ Amarok.

Áàpù olówó bíi Roon, Audirvana àti JRiver wà. Roon ní pàtàkì mọ ìtàn àwọn olórin sọ, ó sì lè rán orin sí yàrá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ní yàrá púpọ̀, kó rà á. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba owó oṣù kejì, íapíìsì oníwáyà tó dára ni kó kọ́kọ́ rà, torí Bluetooth tó wọ́pọ̀ máa ń fi SBC tàbí AAC gé orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i lójú ọ̀nà. Kí la wá pa FLAC mọ́ fún?

Ó ku kíkó CD wọlé. Exact Audio Copy tàbí foobar2000 yóò fi àbájáde yín wé ti àwọn ẹlòmíràn tó ti ka irú àwo kan náà, nípasẹ̀ àkójọ tí wọ́n ń pè ní AccurateRip. Bó bá ní òun kò rí àwo yín níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò dára. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú àwo náà wá. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wò ó bóyá àbájáde méjèèjì bára mu. Fáìlì tí ẹlòmíràn bá fún yín, ẹ fi Spek, áàpù ọ̀fẹ́ tí ń ya àwòrán ohùn, wò ó: bí àwòrán náà bá gé tẹ́ẹ́rẹ́ bí ògiri ní nǹkan bíi 16 kHz, ó ṣeé ṣe kí MP3 wọ aṣọ FLAC. Ẹ má fi ìyẹn dá àwọn orin àtijọ́ lẹ́bi o, pàápàá èyí tí wọ́n gbà láti orí kásẹ́ẹ̀tì. Tiwọn máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í gé bí ẹni fi ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ da gbogbo rẹ̀ kọ sórí háàdì dírafù kejì, kí ẹ sì gbé ìyẹn sí ilé mìíràn, lọ́dọ̀ àbúrò tàbí àǹtí tí kì í ya nǹkan oníǹkan lò.